Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ ní Douala: Ta ni Ìbínú Wa Tọ́ Sí?

Àdúrà kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Bí aboyún bá ti wọ yàrá ìgbẹ̀bí, àwọn tó ń dúró dè é lóde yóò máa wí pé, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 2016, níwájú ilé-ìwòsàn Laquintinie ní ìlú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, a kò gbóhùn ìyá, a kò sì gbóhùn ọmọ. Obìnrin kan tó lóyún ìbejì ni wọ́n gbé débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn tó gbé e wá rí i pé kò mí mọ́, tí kò sì sí oníṣègùn tó jáde wá gba àwọn ọmọ inú rẹ̀ là, ìbátan rẹ̀ kan, obìnrin bíi tirẹ̀, mú abẹ, ó sì la ikùn òkú náà ní gbangba, bóyá àwọn ọmọ ṣì wà láàyè. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyá lọ, ìbejì lọ.

Àwọn tó dúró níbẹ̀ fi fóònù wọn ya fídíò rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Cameroon ti rí i. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn dà bo ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn náà láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ọlọ́pàá sì lé wọn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní owó ló fa á, pé kò sẹ́ni tó dá àwọn lóhùn nítorí pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ìjọba ní rárá, pé obìnrin náà ti kú fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó gbé e débẹ̀.

N kò jókòó láti dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi kíyè sí ni pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni ní Douala láti gba àwọn mọ̀lẹ́bí náà gbọ́. Kí ló fà á? Ó jẹ́ nítorí pé kò sí ìdílé kan níbẹ̀ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó rí dókítà. Bí ìjọba bá tilẹ̀ ń sọ òtítọ́, ìrírí ojoojúmọ́ àwọn ará ìlú ti jẹ́rìí lòdì sí i kó tó la ẹnu.

Mo rántí ọ̀rọ̀ Douala yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni wọ́n yìnbọn pa Brian Thompson, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò ìlera UnitedHealthcare, ní òpópónà kan nílùú New York. Àwọn ọlọ́pàá bá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àkóró ọta ìbọn náà, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń fi sísan owó falẹ̀, tí wọ́n sì máa ń kọ̀ láti san án. Ohun tó ya ayé lẹ́nu ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò bá olóògbé náà kẹ́dùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ojú àwọn fúnra wọn ti rí lọ́wọ́ àwọn onídójútòfò. Ìpànìyàn kì í ṣe òṣèlú, kì í sì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ fún un ń pe àgbákò síta ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóṣèlú tó bá rí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ tí kò béèrè orísun rẹ̀, òun náà kò gbọ́n.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bi mí nígbà náà pé, ǹjẹ́ irú ìbínú yìí lè dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà? Mo dáhùn pé ó ti dé tipẹ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní káàdì ló ń bínú sí ẹni tó fún un ní káàdì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò ní káàdì kankan rí. Ìbínú tiwọn kò rí ọ́fíìsì onídójútòfò kankan tó lè kọjú sí. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ló ń bú gbàmù sí, lórí nọ́ọ̀sì tí ìjọba kò tíì sanwó oṣù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe rí ní Cameroon. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní CNPS, ń san owó ìfẹ̀yìntì, owó ìrànwọ́ ìdílé, àti owó fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Kò san owó ìtọ́jú àìsàn lásán. Bí ibà bá dá òṣìṣẹ́ dùbúlẹ̀, tàbí tí àtọ̀gbẹ mú un, CNPS kò mọ̀ ọ́n. Àlàfo yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò aládàáni wá dí. Douala ni olú ìlú okòwò Cameroon, ibẹ̀ ni èbúté ọkọ̀ òkun wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń gbé. Àwọn báǹkì, àwọn ilé-iṣẹ́ epo, àti àwọn oníṣòwò ńlá ń ra ìdójútòfò fún òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń gun bendskin, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀kadà, kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹja yíyan létí òpópónà kò sí níbẹ̀. Aṣọ́gbà tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì onídójútòfò fúnra rẹ̀ lè máà sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ ohun tí ìdójútòfò jẹ́. Bí àwa ti ń dá èésú àti àjọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Cameroon ń dá njangi. Nínú ọ̀pọ̀ njangi, owó kan wà tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún ìṣòro: bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ṣàìsàn tàbí tí òfò bá ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ owó náà fún un lójú ẹsẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdójútòfò náà kò ju ìyẹn lọ: gbogbo wa dá owó jọ nígbà tí ara le, kí ẹni tí àìsàn bá kàn má baà ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ohun tó mú njangi dúró ni pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ara wọn. Akápò kò lè fi owó aláìsàn falẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó sì tún wá sí ìpàdé tó kàn kó wá jókòó.

Èyí ni ohun tó sọnù nígbà tí èésú di ilé-iṣẹ́. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Cameroon, Benin, Togo àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ń sọ Faransé ń lo òfin ìdójútòfò kan náà, èyí tí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yaoundé lọ́dún 1992 gbé kalẹ̀. Ní ọdún 2011, wọ́n tún òfin yìí ṣe pé bí oníbàárà kò bá sanwó ṣáájú, kò ní ìdójútòfò. Àwa náà ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú irú òfin bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Èmi kò sọ pé òfin náà burú. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí owó gbà kò lè rí owó san. Ṣùgbọ́n mo béèrè: nígbà tí ó bá kan oníbàárà láti gba tirẹ̀, ǹjẹ́ ọwọ́ ìjọba ń le bẹ́ẹ̀? Owó tiwọn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ọjọ́ kan. Owó tiwa ni wọ́n ń wí fún pé kó ní sùúrù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ̀lé bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, káàdì HMO tí ọmọ wọn rà fún wọn wà lápò wọn, wọ́n sì ń fi í yangàn. Àyà ló ń dùn wọ́n. A dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní a ó dúró de kóòdù, pé bí HMO kò bá fi kóòdù ránṣẹ́, dókítà kò lè ṣe àyẹ̀wò ọkàn. A pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì títí. Orin ni wọ́n ń kọ fún wa. Ní agogo kan kọjá, bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé káàdì yìí ló ń ṣàìsàn ni, àbí èmi?" Mo fi owó ti ara mi san àyẹ̀wò náà. Kóòdù dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a ti padà délé. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kò bọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ó ti yé mi pé àárín ẹni tó ní káàdì ní Ìbàdàn àti ẹni tí kò ní káàdì ní Douala kò jìn tó bí a ti rò. Àwọn méjèèjì ń dúró de ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ láti sọ bóyá kí a tọ́jú wọn.

Ìtàn tiwa ní Nàìjíríà kò kúrú. Ní ọdún 1999, ní ìgbẹ̀yìn ìjọba ológun, ni wọ́n ṣe òfin ìdójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó fi í lọ́lẹ̀. Àwọn HMO ni wọ́n fi sáàárín ìjọba àti ilé-ìwòsàn kí owó lè máa gba ọwọ́ wọn kọjá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó wà lábẹ́ ètò náà kò pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìdílé wọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 ni wọ́n ń san fún ilé-ìwòsàn lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, owó tí kò tó ra lítà epo bẹntiróòlù kan lọ́dún 2025. Ọdún 2025 yìí náà ni wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450. Dókítà tí wọ́n ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún kò lè fi ojú ọba wo aláìsàn tó fa káàdì yọ. Ẹni tó bá mú owó lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ní ọdún 2022, ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó sì dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ NHIA tún pàṣẹ pé HMO kò gbọ́dọ̀ fi kóòdù falẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Mo yin àṣẹ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú lórí rẹ̀ dáadáa. Ó gba ogún ọdún gbáko láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní Àbújá tó rántí láti sọ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni pé aláìsàn kò lè máa dúró de tẹlifóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ta ló ń sùn ní gbogbo ogún ọdún náà?

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn onídójútòfò náà, nítorí agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní owó tí àwọn ènìyàn ń san kéré, ó sì jẹ́ òtítọ́. Wọ́n ní iye owó oògùn ti ga ju òkè Olúmọ lọ láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀, òtítọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ilé-ìwòsàn kan máa ń kọ ìwé owó fún ìtọ́jú tí wọn kò ṣe, pé oníbàárà kan a sì máa yá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní káàdì. Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Bí àwọn bá kàn ń san gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àpò á gbẹ, gbogbo wa á sì pàdánù.

Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo àwíjàre wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà tó wà láàárín onídójútòfò àti ilé-ìwòsàn lórí owó. Kò sí èyí tó ṣàlàyé ìdí tí aláìsàn fi ní láti jókòó sórí àga onígi kí ìjà náà tó parí. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wá máa jà lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan parọ́, ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí kò bójú mu ni kí ẹ fi ara aláìsàn ṣe ohun ìdógò.

Níbí ni mo fẹ́ kí a darí ìbínú wa sí ibi tó tọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò ní ṣe ju ohun tí òfin bá gbà á láyè láti ṣe. Èrè ló ń wá, kò sì fi pamọ́. Ẹni tó bá wa ṣe àdéhùn ni ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pé jọ ní Àbújá wa níbí, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná sọ́tọ̀ fún ètò ìlera. Nàìjíríà tó gbàlejò ìpàdé náà kò tíì dé ibẹ̀ rí. Cameroon kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn olórí wa sì mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú tiwọn. Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin ọdún 2022, nílé-ìwòsàn kan nílùú London ni ó kú sí ní oṣù keje ọdún 2025. N kò fi òkú ṣẹ̀sín. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò ní jẹ nínú ọbẹ̀ náà kì í bìkítà bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀.

Kí ló wá yẹ kí a béèrè? Èkíní, kí òfin ìtọ́jú pàjáwìrì di òfin tí a ń lò. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ ọ́ gbangba pé ilé-ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀ fún ìdí kankan, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Bí ìjọba bá ń fi apá kan nínú owó yìí sanwó pàjáwìrì fún ilé-ìwòsàn ní kíákíá, dókítà kò ní bẹ̀rù láti ṣílẹ̀kùn. Òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó tilẹ̀kùn, tí kò sì sanwó fún ẹni tó ṣí i, ìdajì òfin ni.

Èkejì, kí àjọ NHIA máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún, ní orúkọ HMO kọ̀ọ̀kan, iye owó tó gbà, iye tó san fún ìtọ́jú, iye ìgbà tó kọ̀, àti iye ọjọ́ tó fi falẹ̀. Nínú njangi, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbọ́ ìṣirò owó. Àwa tí à ń dá owó tó pọ̀ ju ti njangi lọ, kí ló dé tí a kì í gbọ́?

Ẹ̀kẹta, kí a jáwọ́ nínú àlá pé ilé-iṣẹ́ aládàáni yóò dé ọ̀dọ̀ alágbàṣe àti ìyá alátà. Kò sí èrè níbẹ̀, wọn kò ní lọ. Ghana rí èyí ní ọdún 2003 nígbà tí wọ́n ṣe òfin ìdójútòfò tiwọn: wọ́n fi owó orí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà àti iṣẹ́, kí ọlọ́rọ̀ tó ń ra ọkọ̀ lè máa bá aláìní san owó oògùn. Ètò tiwọn ní àbùkù, ilé-ìwòsàn wọn náà ń ké pé owó àwọn ń pẹ́. Ṣùgbọ́n orísun owó wà tó ní orúkọ, tí ará ìlú lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé, níbo ni ẹ gbé e sí?

Cameroon fúnra rẹ̀ ti gbéra. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba wọn fi ìpele àkọ́kọ́ ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn lọ́lẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà àríwá, níbi tí aboyún yóò ti san 6,000 owó CFA péré, tí wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà oyún títí di ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìbímọ. Nígbà tí obìnrin Douala náà kú ní ọdún 2016, irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní àríwá orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìlú tirẹ̀, tó lówó jù lọ ní gbogbo Cameroon, kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kò lè rí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé kì í ṣe àìlówó nìkan ló ń pa wá. Ibi tí ìjọba bá pinnu láti fi ojú sí ni ìwòsàn ń dé.

Nítorí náà, bí o bá ń bínú sí HMO rẹ, o kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ìbínú náà parí sórí akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ìdìbò ń bọ̀. Olóṣèlú yóò wá sí àdúgbò rẹ pẹ̀lú ìrẹsì àti àpò ìyọ̀ǹda tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí. Bí ó bá dé, bi í léèrè pé, níbo ni ìyàwó rẹ máa ń bímọ sí, ta ló sì ń sanwó rẹ̀? Bi í pé, ní ìpínlẹ̀ tí o fẹ́ ṣàkóso, bí aboyún kan bá dé ilé-ìwòsàn ní òru láìsí náírà kan lọ́wọ́, ta ni yóò jáde sí i? Bí kò bá ní ìdáhùn, dá ìrẹsì rẹ̀ padà fún un.

Nígbà tí ìwà ìkà bá ti kọjá ohun tí ẹnu lè sọ, Yorùbá a máa ké pé, ìkúnlẹ̀ abiyamọ o! Ní Douala, igbe yẹn kì í ṣe àkànlò èdè mọ́; ojú gbogbo ènìyàn ló ṣe. Kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́ níbẹ̀, kó má sì ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àdúrà nìkan kò tó. Kí a tó lè máa gbóhùn ìyá, kí a sì máa gbóhùn ọmọ, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tiwa.